Bí ọkọ̀ Rooseboom ṣe rì ní 1942

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè bí èrò ṣe pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú Rooseboom, ọkọ̀ ojú omi akẹ́rù àwọn ará Netherlands. Ogun ló fà á. Ọdún 1926 ni wọ́n kàn án fún KPM, iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi kan, tó ń ná àwọn erékùṣù Indonéṣíà òde òní. Ọkọ̀ kékeré ni. Àmọ́ nígbà tí Singapore bọ́ sọ́wọ́ Japan ní ọjọ́ 15, oṣù Kejì, 1942, àwọn tó ń sá àsálà ya bo ìlú Padang ní erékùṣù Sumatra. Nǹkan bí 500 èèyàn ló wọ ọkọ̀ yìí, ó sì forí lé Colombo ní Sri Lanka.

Ní òru ọjọ́ 1, oṣù Kẹta, ọkọ̀ abẹ́ omi Japan kan yin tọ́pídò, ìyẹn bọ́ǹbù tó ń gba inú omi lọ, lù ú, kò sì pẹ́ tó fi rì.

Ohun tó tẹ̀ lé e ló máa ń dùn mí jù. Ọkọ̀ kékeré kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń gba ẹ̀mí là ló ṣẹ́ kù. Èèyàn 28 ni wọ́n ṣe é fún. Nǹkan bí 80 ló há sínú rẹ̀, àwọn mìíràn sì wà nínú omi, wọ́n rọ̀ mọ́ etí rẹ̀. Oòrùn ń jó wọn, òùngbẹ ń gbẹ wọ́n. Àwọn kan mu omi òkun, orí wọn dàrú. Ọ̀gágun Archibald Paris, ará Britain, kú síbẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, omi gbé wọn gúnlẹ̀ sí erékùṣù Sipora. Ẹni mẹ́rin péré ló kù. Ẹ wo Sipora lórí máàpù: ẹ̀bá Sumatra náà ni, kò jìnnà sí Padang tí wọ́n ti gbéra.