Ṣé ẹgbẹ́ béèsìbọ́ọ̀lù lè di ọmọ mi mú títí ayé?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Agbẹjọ́rò. Houston ni a ń gbé. Ọmọkùnrin mi ti pé ọdún 17, béèsìbọ́ọ̀lù ló ń gbá nílé ẹ̀kọ́, wọ́n sì ti ń sọ fún wa pé ó ṣeé ṣe kí ẹgbẹ́ ńlá kan yàn án. Ẹ̀gbọ́n kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní kí n má jẹ́ kó fọwọ́ síwèé kankan, pé bí wọ́n ṣe ta Curt Flood bí ẹrú nìyẹn tí ayé rẹ̀ fi bà jẹ́. Ta ni Curt Flood? Ṣé òótọ́ lọ̀rọ̀ náà?

ÌDÁHÙN: Mà, ẹ̀gbọ́n yín ò parọ́, ìtàn tó ti pẹ́ ló kàn ń sọ. Láyé Flood, ẹgbẹ́ lè di ọmọ mú títí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò fi ní lè sáré mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́ lónìí, ṣùgbọ́n ọdún tí wọ́n fi ń di ọmọ mú ṣì gùn ju bí ọ̀pọ̀ òbí ṣe rò lọ.

Houston tí ẹ wà yẹn ni wọ́n bí Flood sí lọ́dún 1938, Oakland ní California ló sì dàgbà sí. Ọmọ ọdún 18 ni nígbà tí ẹgbẹ́ Cincinnati gbà á. Wọ́n ní kó lọ kọ́ṣẹ́ láwọn ẹgbẹ́ kéékèèké láwọn ìpínlẹ̀ tó wà ní apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, níbi tí aláwọ̀ dúdú ò ti lè bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọ ilé oúnjẹ kan náà. Ó sọ fúnra rẹ̀ pé lọ́jọ́ kan tí wọ́n gbá ìdíje méjì, òun bọ́ aṣọ tó ti rin fún òógùn sórí tàwọn yòókù kí wọ́n lè fọ̀ ọ́. Ẹni tó ń tọ́jú aṣọ fi igi gígùn yọ tiẹ̀ sọ́tọ̀, ó ní kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbàfọ̀ àwọn dúdú. Àwọn yòókù ti padà sórí pápá, Flood ṣì jókòó níhòòhò, ó ń retí aṣọ.

Ní ìparí 1957, Cincinnati fi í ṣe pàṣípààrọ̀ fún St. Louis. Ibẹ̀ ló ti di èèyàn. Àárín ẹ̀yìn pápá ló ń ṣọ́, ọdún méje léraléra, 1963 sí 1969, ló gba Gold Glove, àmì-ẹ̀yẹ tí wọ́n ń fún ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù mú jù lọ ní àyè rẹ̀. Gbogbo sáà 1966 pátá, kò ṣe àṣìṣe kan ṣoṣo. Ó bá wọn gba ife World Series, ìdíje àṣekágbá ọdọọdún, ní 1964 àti 1967. Ní World Series 1968, níbi ìdíje tó kẹ́yìn pẹ̀lú Detroit, bọ́ọ̀lù kan kọjá lórí rẹ̀ torí ó ti kọ́kọ́ sáré síwájú. Àwọn kan ò dárí ìyẹn jì í títí dòní.

Nígbà tó di October 1969, fóònù dún: wọ́n ti fún Philadelphia ní Flood. Kò sẹ́ni tó bi í. 90,000 dọ́là ló ń gbà lọ́dún yẹn, owó ńlá ni, Philadelphia sì ṣe tán láti fi kún un.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kan èmi agbẹjọ́rò rèé. Gbólóhùn kan wà nínú ìwé gbogbo agbábọ́ọ̀lù ìgbà náà: bí àdéhùn bá parí tí ẹ ò sì tíì fohùn ṣọ̀kan, ẹgbẹ́ lè fi ọdún kan kún un lábẹ́ àwọn ìlànà kan náà. Ọdún kan péré, kí ló burú? Ohun tó burú ni pé gbólóhùn yẹn gan-an wà lára àwọn ìlànà náà. Àdéhùn tuntun ń bí òmíràn, òmíràn ń bí òmíràn. Nílé wa láyé àtijọ́, ìwọ̀fà ń sin olówó, àmọ́ ọjọ́ tí wọ́n bá san gbèsè tán, ó ti ń lọ sílé nìyẹn. Flood ò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè, kò sì sí iye tó lè san.

Ní December 24, 1969, ó kọ̀wé sí Bowie Kuhn, ọ̀gá àgbà eré náà, pé lẹ́yìn ọdún 12, òun kì í ṣe dúkìá tí wọ́n ń rà tí wọ́n ń tà láìbi òun léèrè. Ó gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Jackie Robinson wá jẹ́rìí fún un, Hank Greenberg náà wá, ìlúmọ̀ọ́ká agbábéèsìbọ́ọ̀lù tó ti fẹ̀yìntì ni àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n nínú àwọn tó ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹnì kan ò yọjú. Ní June 1972, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá a lẹ́bi, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́ta. Wọ́n gbé e karí ìdájọ́ 1922 tó yọ béèsìbọ́ọ̀lù kúrò lábẹ́ òfin ìdíje òwò, ìyẹn òfin tí kì í jẹ́ kí àwọn oníṣòwò para pọ̀ dí ìdíje lọ́wọ́. Wọ́n gbà pé ìdájọ́ náà ò bá ti àwọn eré yòókù mu, wọ́n ní kí àwọn aṣòfin tún un ṣe. Ẹ bá mi wo irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀!

Owó sáà 1970 ti lọ ní tiẹ̀, torí ó kọ̀ láti lọ gbá fún Philadelphia. Ó gbìyànjú lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ Washington ní 1971, ìdíje 13 péré, ó sì ká ẹrù lọ sí Spéènì. Ní December 1975, Peter Seitz, onílàjà tí tọ̀tún-tòsì gbà, dájọ́ fún agbábọ́ọ̀lù méjì, Andy Messersmith àti Dave McNally, lórí gbólóhùn yẹn kan náà, pé ọdún kan túmọ̀ sí ọdún kan. Àwọn yẹn ló jẹ èso náà. Flood kú ní 1997, lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni òfin tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ jáde, tó jẹ́ kí òfin ìdíje òwò dáàbò bo àwọn agbábọ́ọ̀lù líìgì ńlá.

Ti ọmọ yín wá ńkọ́? Bí wọ́n bá yàn án, ẹgbẹ́ yẹn nìkan ló lè bá a dúnàádúrà. Ó lè kọ̀, kó lọ sí yunifásítì. Bó bá jẹ́ ti ọlọ́dún mẹ́rin, wọn ò ní lè yàn án mọ́ títí yóò fi parí ọdún kẹta tàbí kó pé ọdún 21. Bó bá fọwọ́ síwèé tó sì dé líìgì ńlá, ó gbọ́dọ̀ lo ọdún mẹ́fà níbẹ̀ kó tó lè lọ síbi tó wù ú. Bó bá sì pé ọdún 10 níbẹ̀, tí márùn-ún tó kẹ́yìn jẹ́ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, wọn ò lè fi í ṣe pàṣípààrọ̀ láìjẹ́ pé ó gbà.

Nítorí náà, mà, ẹ má kọ́kọ́ wo ibi tí wọ́n kọ owó sí. Ẹ bi wọ́n léèrè ìgbà tí ọdún yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ọjọ́ 172 ní líìgì ńlá ni wọ́n ń kà sí ọdún kan. Ọjọ́ tó bá lò láwọn ẹgbẹ́ kéékèèké, ìbáà jẹ́ ọdún márùn-ún, kò sí nínú mẹ́fà náà.