Ìyekan kì í ṣe "ìyè kan"

Ọmọbìnrin kan kọ̀wé sí mi láti Ṣàgámù. Ó ní níbi ìgbéyàwó kan tí òun lọ, alága ìjókòó gba máìkì, ó ní ìtumọ̀ ìyekan ni "ìyè kan", pé ẹ̀mí kan ṣoṣo ni Ọlọ́run pín fún gbogbo ọmọ ilé kan. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, wọ́n náwó fún un. Ó wá bi mí pé ṣé bẹ́ẹ̀ ni, nítorí ìyá àgbà òun ní Ìpẹru ní ìyá arúgbó kan ní agboolé mìíràn tí wọn kò jọ ní bàbá, tí wọn kò jọ ní ìyá, síbẹ̀ tó máa ń sọ pé, "Ìyekan mi ni, ọmú kan náà la jọ mu." Ó tún béèrè ìtumọ̀ "ìkúnlẹ̀ abiyamọ".

Bẹ́ẹ̀ kọ́. Inú bí mi nígbà tí mo kà á, kì í ṣe sí ẹni tó béèrè o. Èdè tó wà lẹ́nu ìyá wa, tí kò sọnù rárá, ni a fi sílẹ̀ tí a ń hun ìtumọ̀ mìíràn nítorí owó ìnáwó.

Ìye ni ìyá. Ìjẹ̀bú tí kò tíì sọ ẹnu ilé rẹ̀ nù mọ̀ ọ́n: "Ìye mi" là ń pe ẹni tó bí wa. Ìyekan ni àwọn tí ìyá wọn jẹ́ ọ̀kan. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ jiyàn, kó mú ọbàkan wá síbẹ̀. Ṣé ọba kan ló túmọ̀ sí? Ọbà ni bàbá ní èdè àtijọ́. Ọbàkan ni àwọn tí bàbá wọn jẹ́ ọ̀kan tí ìyá wọn yàtọ̀. Ìbejì ni ọ̀rọ̀ méjèèjì, ẹ kò lè wẹ ọ̀kan kí ẹ fi èkejì sílẹ̀. Àbí àwọn ọmọ bàbá kan kò ní ìyè nínú ni?

Ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ọmú kù, ibẹ̀ ló sì dùn mọ́ mi jù. Ohun tí mo gbà gbọ́, tí ẹnikẹ́ni kò lè yẹ̀ mí kúrò lórí rẹ̀, ni pé àgbà tó dá ọ̀rọ̀ ìyekan sílẹ̀ kò wo ikùn nìkan. Oṣù mẹ́sàn-án lọmọ lò ní ikùn. Lẹ́nu ọmú, láyé àwọn ìyá wa, ọdún méjì ni, ó sì lè wọ ìkẹta kí wọ́n tó fi omi ewúro pa orí ọmú láti já a. Èwo ló pẹ́ jù?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣojú mi. Òkè-Sópẹ̀n ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni ilé wa. Ìyàwó mẹ́ta ni bàbá mi fẹ́, Ìye mi ni ìkejì. Obì gbànja ló ń tà, Ṣàgámù ló ń kó o lọ fún àwọn Hausa ní Sábó. Lọ́dún 1964, àbúrò mi ọkùnrin kò tíì ju ọmọ oṣù márùn-ún lọ. Ara rẹ̀ gbóná lọ́jọ́ ọjà, Ìye fi í sílẹ̀ fún ìyá àgbà wa, ó ní òun á dé kí oòrùn tó wọ̀. Bọ́lẹ́kájà tó wọ̀ bọ̀ bàjẹ́ sọ́nà. Ilẹ̀ ṣú, a kò rí i. Ọmọ ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Wọ́n fún un ní omi ògì, ó tu ú dànù.

Ìyàwó kékeré ń tọ́ ọmọ lọ́wọ́ nígbà náà. Òun àti Ìye mi kò bára wọn sọ̀rọ̀ láti Iléyá. Ó dìde láti yàrá rẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni sọ nǹkan kan, ó gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá àgbà, ó jókòó sórí ẹní, ó sì fún un lọ́mú. Ọmọ tirẹ̀ wà lápá ọ̀tún, tiwa wà lápá òsì. Ilé pa lọ́lọ́. Nígbà tí Ìye dé lówùúrọ̀ tó gbọ́, ó kúnlẹ̀. Ìyálé kúnlẹ̀ fún ìyàwó! Mi ò rí irú rẹ̀ rí, mi ò sì tíì rí i mọ́.

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, bàbá wa ti lọ, ilẹ̀ kan lọ́nà Ọ̀rù wá dìjà. Àwọn méjèèjì tí wọ́n jọ mumú lálẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n ń bára wọn fà á, wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ lọ́yà. Níbi ìpàdé ẹbí, ìyàwó kékeré tó ti di arúgbó ṣí bùbá rẹ̀, ó di ọmú mú níwájú gbogbo wa. Ó ní, "Èyí nìwọ mu. Èyí nìwọ náà mu. Ta ló ń pe ta ní ọbàkan?" Wọ́n dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo wa la mọ ohun tí ìyá tó bá di ọmú mú lè fi ẹnu rẹ̀ sọ tẹ̀ lé e.

Ẹ ò rí i pé ọmú lè sọ ọbàkan di ìyekan? Àwọn Mùsùlùmí pàápàá kò lè pe èyí ní tuntun. Kùránì, súrà kẹrin, ẹsẹ 23, ka ìyá tó fún ni lọ́mú àti ọmọ tí a jọ mumú mọ́ àwọn tí ọkùnrin kò gbọdọ̀ fẹ́. Ẹ wo ogún pínpín náà. Tí a bá ní ìdí-igi, iye ìyá là ń kà, kì í ṣe orí-ó-jorí tó ń ka ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan: ìyá kọ̀ọ̀kan ni igi, àwọn ọmọ rẹ̀ wà nídìí rẹ̀. Lọ́dún 1962, nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole tó ti Èkó lọ, Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé ẹjọ́ tí ẹjọ́ wa ń parí sí nígbà náà, fọwọ́ sí ìdí-igi. Tiwa ní Ìjẹ̀bú tún lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ọmọ tí obìnrin bí lè bá wọn ní ìpín nílé ìyá rẹ̀, ohun tí kò rọrùn bẹ́ẹ̀ ní Ọ̀yọ́ tàbí Èkìtì.

Ní ti ìkúnlẹ̀ abiyamọ, kò le. Lórí eékún ni wọ́n ti ń rọbí láyé àtijọ́, ìrora yẹn la fi ń bẹ èèyàn.

Ohun tó ń dùn mí ni pé lónìí, abiyamọ á gbọ́ ẹkún ọmọ nínú ọkọ̀, á máa wojú èrò kó tó ṣí bùbá, bí ẹni tó fẹ́ jalè. Ọjà Òkè-Àjé ni wọ́n ti fún èmi lọ́mú, láàárín gbogbo èèyàn, kò sẹ́ni tó wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ìwádìí ìjọba ní 2018 fi hàn pé 29 péré nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ló ń mu ọmú nìkan. Àwa ìyá àgbà jẹ̀bi níbẹ̀ pẹ̀lú: èmi náà rọ àkọ́bí mi lágbo, mo fún un lómi, kí nọ́ọ̀sì tó là mí lóye. Ṣùgbọ́n òfin òṣìṣẹ́ ilẹ̀ yìí fún abiyamọ ní ìdajì wákàtí, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, láti fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú lẹ́nu iṣẹ́. Mélòó nínú yín ló béèrè rẹ̀ rí?

Ìwọ ọmọ Ṣàgámù, nígbà tí o bá tún lọ sí Ìpẹru, jókòó ti ìyá àgbà rẹ. Má bi í nípa ìyá tó bí i. Bi í pé ta ló fún un lọ́mú nígbà tí ìyá rẹ̀ kò sí nílé. Agboolé ìyá arúgbó kejì yẹn ni yóò nawọ́ sí.