Asọ̀rọ̀mágbèsì: ṣé èébú ni àbí orúkọ?

Àbúrò wa kan ló béèrè pé bàbá òun máa ń pe rẹ́díò ní asọ̀rọ̀mágbèsì, ó wá ya òun lẹ́nu nígbà tóun gbọ́ tí obìnrin kan fi bú ọkọ ẹ̀. Ó ní èwo gan-an ni ká mú.

Méjèèjì ni o, àmọ́ orúkọ ló ṣáájú. Ẹ tú u wò: a-sọ̀rọ̀-má-gba-èsì, ohun tó ń sọ̀rọ̀ tí kì í gba èsì. Rẹ́díò oníbátìrì tá a mọ̀ yìí kọ́ làwọn àgbà kọ́kọ́ fi pè, àpótí kan ni, Rediffusion ni wọ́n ń pè é, ara ògiri ni wọ́n máa ń kàn án mọ́, wáyà ló ń gbé ohùn wá sínú ẹ̀ látọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe é, ẹ máa sanwó ẹ̀ lóṣooṣù, kò sì sí pé ẹ fẹ́ wá ilé iṣẹ́ míì lórí ẹ̀, ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ lẹ máa gbọ́, tí ò bá dùn mọ́ yín ẹ pa á. 1935 ló bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó, 1939 ló dé Ìbàdàn, BBC láti Lọ́ńdọ̀nù ló sì ń tú sínú ilé fáwọn èèyàn níbẹ̀rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kíyè sí ni pé nínú gbogbo ohun ìyanu tó wà lára àpótí yẹn, àìgbèsì ẹ̀ làwọn èèyàn wa rí. Wọn ò pè é ní igi tó ń fọhùn. Lọ́dọ̀ tiwa ọ̀rọ̀ tí ò lésì ò tíì pé, ẹ kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kó má dáhùn, ẹ ò ní í béèrè lọ́wọ́ ara yín pé kí lẹ ṣe fún un? Ààlọ́ lásán, apààlọ́ ò lè tẹ̀ síwájú àfi táwọn ọmọ bá ké "ààlọ̀!" Gángan ń sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ oníjó ń fèsì. Àpótí yìí ní tiẹ̀, ẹ kí i, ẹ bú u, tiẹ̀ náà ló ń bá lọ. Màmá tó bí bàbá mi ní tí wọ́n bá ti sọ "ẹ káàárọ̀ o" nínú ẹ̀, ìyá tòun a kúnlẹ̀ dáhùn, àwọn ọmọ a máa rẹ́rìn-ín, ìyá a ní àgbàlagbà lè wà nínú ẹ̀, ta ló mọ̀.

Orúkọ yẹn tiẹ̀ wá ṣẹ lára àwọn olóṣèlú. 1953, nígbà tí wọ́n ń fa ọ̀rọ̀ òmìnira mọ́ra wọn lọ́wọ́, Gómìnà Macpherson bọ́ sórí rẹ́díò ìjọba, ó bu ẹnu àtẹ́ lu Awólọ́wọ̀ àtàwọn èèyàn ẹ̀, Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n jẹ́ kóun náà lọ fèsì níbẹ̀, wọ́n ní kò ṣeé ṣe. Ó wà lára ohun tó jẹ́ kí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lọ dá tiwọn sílẹ̀, WNTV, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n wọn, sì bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn lọ́jọ́ 31 oṣù kẹwàá 1959. Ìyẹn la pè ní amóhùnmáwòrán, ó ń mú ohùn wá, ó ń mú àwòrán wá, àmọ́ òun náà ò gbèsì.

Èsì ò dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn títí di 2001 tí GSM, ìyẹn fóònù alágbèéká, wọlé. Náírà 50 ni ìṣẹ́jú kan nígbà yẹn, tẹ́ ẹ bá sọ ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, owó ìṣẹ́jú méjì lẹ máa san, ìdí nìyẹn tí fláṣì fi gbayé kan, kẹ́ ẹ pe èèyàn, kẹ́ ẹ sì gé e kó tó gbé e. Ẹ̀ẹ̀kan: pè mí padà. Ẹ̀ẹ̀mejì: mo ti délé. Àrokò ni, jàre! Àwọn baba wa fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí olólùfẹ́ torí ẹẹ́fà jọ "fà", ọkàn mi fà sí ẹ, àwa náà wá ń fi fóònù tí ò dún pẹ́ ṣe tiwa.

Nígbà tó yá rẹ́díò fúnra ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ fún èsì, ẹ pè wá, ẹ ti wà lórí afẹ́fẹ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ yí rẹ́díò yín wálẹ̀. Màmá wa yẹn ṣì wà láyé, wọ́n ti pe ètò kan rí láti bá atọ́kùn jiyàn nípa owó gàárì. Tí ọmọ wọn bá sì fẹ́ rí wọn lórí WhatsApp, wọ́n á kọ́kọ́ wá gèlè kí wọ́n tó gbé e, wọ́n ní ẹni tí ìyá òun ń kúnlẹ̀ kí kò ríran, èyí ń ríran.

Torí náà àbúrò, tí bàbá ẹ bá pe rẹ́díò ní asọ̀rọ̀mágbèsì, kò bú ẹnikẹ́ni, orúkọ tó bá a láyé ló ń pè é. Àmọ́ tí wọ́n bá pe èèyàn bẹ́ẹ̀, ó túmọ̀ sí pé ó máa ń rọ̀jò ọ̀rọ̀ lé yín lórí, kò sì ní í gbọ́ tẹnu yín. Ẹ̀gbọ́n mi kan wà tó máa ń fi voice note oníṣẹ́jú mẹ́sàn-án ránṣẹ́, tẹ́ ẹ bá wá fèsì, kò ní í tẹ̀ ẹ́ gbọ́ láéláé. Orúkọ yẹn ni mo fi sef nọ́ńbà ẹ̀.