Èsì: Jẹ́sì Yekini tí wọ́n fẹ́ tà fún yín ní Wuse

Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì san owó yẹn o. Ẹ ní jẹ́sì Super Eagles ti 2018 ni, èyí tó ní ìlà funfun àti dúdú lọ́wọ́ yẹn, pé Rashidi Yekini ló sáìnì ẹ̀. Yekini ti kú láti May 2012, báwo ló ṣe máa sáìnì jẹ́sì tí Nike ò tíì rán nígbà yẹn? Ó dùn mí gan-an pé orúkọ ẹni tó jẹ góòlù àkọ́kọ́ fún wa ní World Cup ni wọ́n fi ń lu jìbìtì.

Fọ́tò tí wọ́n ní Okocha sáìnì, tí ẹni tó ń tà á fẹ́ fi kún un ńkọ́, ìyẹn lè jẹ́ òótọ́, àmọ́ ẹ gbé e síbi tí iná wà kẹ́ ẹ fi kámẹ́rà fóònù sún mọ́ ọn dáadáa. Ẹni tó ń sáìnì orúkọ ara ẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ máa ń yá ni, ìlà á fẹ́lẹ́ níbi tó ti ń gbọ́wọ́ kúrò, ṣùgbọ́n ẹni tó ń dà á kọ á máa rọra fà á, ọwọ́ á máa gbọ̀n, ẹ ó rí ibi tó ti dúró láàárín lẹ́tà tí íǹkì wá kóra jọ síbẹ̀. Tó bá jẹ́ àmì kéékèèké ló tò pọ̀ di ìlà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ fọ́tò ni.

Sátífíkéètì tó ń fi hàn yín yẹn, pé ojúlówó ni sáìnì náà, ò tó ẹ̀rí rárá, torí àwọn tó ń ta ayédèrú sáìnì tí FBI mú ní Amẹ́ríkà nínú ìwádìí tí wọ́n pè ní Operation Bullpen, sátífíkéètì ayédèrú wà lára ọjà wọn. Ẹ bi í níbi tí wọ́n ti sáìnì ẹ̀ àti ta ló wà níbẹ̀.