Látìn láìsí olùkọ́: ibi tí mo ti rí ìwé, àti ibi tí mo ti ṣìnà

Àbúrò, o ní o fẹ́ kọ́ Látìn, kò sí olùkọ́ nítòsí, dátà sì wọ́n, o wá ń béèrè ilé ìkàwé àti ìkànnì tó o lè gbára lé. Mo ti rin ọ̀nà yẹn. Ọdún kan gbáko ni mo kọ́kọ́ fi ṣòfò, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi fà á.

Ìwé kíkó jọ ló pa mí. Mo wọ Internet Archive, mo rí i pé ìwé Látìn àtijọ́ kún ibẹ̀ bámúbámú lọ́fẹ̀ẹ́, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn sórí fóònù bí ẹni tó rí omi ẹ̀rọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tó yá, PDF 51 ló wà níbẹ̀, fóònù kún, mi ò lè ya fọ́tò mọ́. Síbẹ̀, bí wọ́n bá gbé gbólóhùn Látìn kan péré síwájú mi, òógùn ni yóò bò mí. Ìwé gírámà kan ni kó o mú, kó o kà á parí kó o tó wojú òmíràn. Èyí tó yọ mí ni Latin for Beginners tí Benjamin D'Ooge ṣe lọ́dún 1911. Ó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì Project Gutenberg, wọ́n tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ tẹ̀ ni, kì í ṣe fọ́tò ojú ìwé, nítorí náà kì í jẹ dátà tó PDF.

Ní ti ilé ìkàwé, má lọ dúró síwájú káńtà kó o máa béèrè “ìwé Látìn”. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n ní kí n lọ wo ibi tí ìwé ìsìn wà. Nọ́ńbà tí wọ́n fi ń to ìwé ni kó o béèrè. Bó bá jẹ́ ètò Dewey ni wọ́n ń lò, 470 ni èdè Látìn, 870 ni lítíréṣọ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ ti Library of Congress, PA ni kó o máa wá. Gíríìkì àti Látìn jọ wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo mọ PA, tààrà ni mo lọ bá atúmọ̀ èdè ńlá tí Lewis àti Short ṣe lọ́dún 1879. Ó wúwo bí ọmọ odó. Mo ṣí i dé M, ojú ìwé bíi mẹ́fà ti lọ, ẹnì kan ti fi abẹ fẹ́lẹ́ gé wọn. Mo kàn jókòó síbẹ̀, mò ń wo ibi tí abẹ gbà.

Yunifásítì Ìbàdàn ní ẹ̀ka Classics, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ Látìn àti Gíríìkì, láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, nítorí náà wo Kenneth Dike Library bó o bá wà nítòsí, ṣùgbọ́n béèrè bí wọ́n ṣe ń gba àlejò kó o tó wọkọ̀. Má fojú di semínárì àwọn Kátólíìkì náà. Látìn ni wọ́n fi ń ṣe Máàsì kí Ìpàdé Fátíkàn Kejì, 1962 sí 1965, tó yí nǹkan padà. Bàbá kan ládùúgbò wa tó ṣe ọmọ pẹpẹ láyé ìgbà yẹn ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé “Chíchérò” ni bàbá ń pe Cicero, òǹkọ̀wé Róòmù àtijọ́, bí ìjọ ṣe ń pè é, D'Ooge sì ní “Kíkérò” ni. Oṣù mẹ́fà ni mo fi pò wọ́n mọ́ra. Ìwọ mú ọ̀kan.

Fún ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, ìkànnì Logeion ti Yunifásítì Chicago ni mò ń lò báyìí. Lewis àti Short wà nínú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè fi abẹ gé e. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, atúmọ̀ èdè orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Whitaker's Words ló kù. Ó kéré, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n kì í báni yàn. Tẹ amor sí i, á ní ó lè jẹ́ “ìfẹ́”, ó sì lè jẹ́ “wọ́n fẹ́ràn mi”. Gbólóhùn ni wàá wò kó o tó mọ èyí tó jẹ́. Ìkànnì Perseus ti Yunifásítì Tufts tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: o tẹ ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé Caesar, ìtumọ̀ rẹ̀ yọ. Ìrọ̀rùn yẹn ló sọ mí di arọ. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́, kò sí ọ̀rọ̀ kan tó dúró lágbárí mi. Ka gbólóhùn lẹ́ẹ̀mejì kó o tó fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ìkànnì The Latin Library náà kó ìwé púpọ̀ jọ, àmọ́ kò fi àmì sórí fáwẹ́lì tó gùn. Ìwọ tó ń ka Yorùbá mọ ohun tí mò ń sọ: kọ “ọkọ” láìlámì, ta ló mọ̀ bóyá ọkọ́ tàbí ọkọ̀ ni? Liber ni ìwé. Līber ni ẹni tí kì í ṣe ẹrú. D'Ooge fi àmì sí tirẹ̀, dà á kọ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ kìíní.

Bó o bá ti dé ìdajì ìwé náà, wá Bíbélì Látìn tí wọ́n ń pè ní Vulgate, ọ̀fẹ́ ni, kó o ṣí Bíbélì Yorùbá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní Jòhánù orí 1. Et Deus erat Verbum: Ọlọ́run sì ni Ọ̀rọ̀ náà. Wò ó bí àwa náà ṣe fi Ọlọ́run ṣáájú! Inú mi dùn lọ́jọ́ tí mo rí i. Àmọ́ má jẹ́ kó tàn ọ́, ìparí ọ̀rọ̀ ni Látìn sábà fi ń fi olùwà hàn, kì í ṣe ipò tó wà. Bó o bá dé ẹsẹ 14, Verbum caro factum est (Ọ̀rọ̀ náà di ara), tí factum est bá dí ọ lọ́nà, má sáré lọ bá Google Translate. Wá ọ̀rọ̀-ìṣe fīō, ìyẹn “mo di”, nínú D'Ooge; ibẹ̀ ni factum est ti wá.