Ẹsẹ̀ tí wọ́n ti gé tó ṣì ń dun àbúrò yín: ẹ gbà á gbọ́

Ẹ kú ìrọ́jú o, mà. Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa àbúrò yín ọkùnrin tó ní jàǹbá ọ̀kadà, tí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀ orúnkún, tí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́ àfi kó máa ní ẹsẹ̀ tí kò sí ń ro òun. Ẹ ní kí ni kí ẹ máa sọ fún un. Ẹsẹ̀ òsì ni wọ́n gé ní tèmi, lókè orúnkún.

Ẹ kọ́kọ́ gbà á gbọ́ ná. Ìrora yẹn wà lóòótọ́. Àwọn ẹbí mi ti gbé ẹsẹ̀ mi lọ sin, síbẹ̀ ọmọ ìka rẹ̀ ń ká kò, èékánná ń wọ àtẹ́lẹsẹ̀ mi lára. Òru ló máa ń le jù. Gbogbo ilé á ti sùn, gìgísẹ̀ tó ti wà nínú ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jó mi bíi pé mo tẹ ẹyín iná. Màá na ọwọ́ láti họ ọ́, aṣọ ibùsùn lásán lọwọ́ mi á bà. Lóru ọjọ́ kan, oorun ṣì wà lójú mi, mo fẹ́ lọ tọ̀, mo gbé ẹsẹ̀ òsì sílẹ̀ bí mo ṣe ń ṣe láti kékeré. Mo ṣubú lulẹ̀ gbì, ojú egbò gan-an ni mo fi gúnlẹ̀.

Nígbà tí mo sọ fún nọ́ọ̀sì pé ẹsẹ̀ ń dùn mí, ó ní, "Èwo nínú ẹ̀? Èyí tí wọ́n ti sin?" Àwọn tó wà ní wọ́ọ̀dù rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni mo ti pa ẹnu mi mọ́. Dókítà tó gé e kò sọ nǹkan kan fún mi ṣáájú, inú sì ń bí mi dòní, torí kì í ṣe ohun tuntun. Láti 1871 ni Silas Weir Mitchell, dókítà ará Amẹ́ríkà, ti kọ̀wé nípa rẹ̀, lẹ́yìn tó tọ́jú àwọn sójà tí wọ́n gé lápá gé lẹ́sẹ̀ nínú ogun abẹ́lé wọn. Iṣan tó ń gbé ìròyìn lọ sí ọpọlọ ni wọ́n gé. Ibi tí ọpọlọ yà sọ́tọ̀ fún ẹsẹ̀ yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe ayé ló ń ṣe é, orí rẹ̀ ò sì dàrú. Nílé tiwa, wọ́n fẹ́ lọ hú ẹsẹ̀ náà kí wọ́n tún un sin!

Oògùn wà fún ìrora iṣan, bí amitriptyline àti gabapentin, àmọ́ dókítà ni kó kọ ọ́. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rẹ́ kankan máa ra tramadol fún un. Mo ti rí ẹni tí èyí gbà ju ẹsẹ̀ lọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ jù ni dígí, ọ̀nà ìtọ́jú tí Ramachandran, onímọ̀ nípa ọpọlọ, gbé jáde ní àwọn ọdún 1990. Kó jókòó, kó na ẹsẹ̀ tó kù, kí ẹ gbé dígí gígùn sí àárín, kí ojú rẹ̀ kọ sí ẹsẹ̀ tó pé. Á dà bíi pé méjèèjì wà. Kó máa na ọmọ ìka díẹ̀díẹ̀, kó máa wo ti inú dígí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹkún ni mo sun, mo fẹ́ fọ́ dígí náà. Nígbà tó ṣe, àwọn ìka tó ká kò yẹn tú, mo sì rí oorun sùn. Kì í ṣiṣẹ́ fún gbogbo èèyàn o.

Ẹ má ki ìrọ̀rí sábẹ́ orúnkún rẹ̀. Ó máa ń tù ú lára, àmọ́ orúnkún á gan síbẹ̀, ẹsẹ̀ àtọwọ́dá ò sì ní bá a mu mọ́. Ẹ má sì sanwó ẹsẹ̀ yẹn fún ẹnikẹ́ni kí wíwú kùkùté ẹsẹ̀ tí wọ́n gé kù náà tó rọlẹ̀ dáadáa.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ máa sọ? Ẹ má sọ pé kó dúpẹ́ pé ó wà láàyè. Ó mọ̀. Ẹ bi í pé, "Níbo ló ń dùn ẹ́ lónìí?" kí ẹ sì dákẹ́ kó dáhùn. Bó bá fẹ́ sunkún, ẹ jẹ́ kó sun ún. Òkú ara rẹ̀ ló ń sọ̀fọ̀. Ẹ wá ẹni tí wọ́n ti gé lẹ́sẹ̀ tó ti ń rìn padà kó wá kí i. Ẹ bèèrè ní Igbobi, ilé ìwòsàn eegun tó wà ní Èkó, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ẹsẹ̀ àtọwọ́dá. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ikú yá, tàbí tó ń pín ẹrù rẹ̀ fún èèyàn, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀ ní yàrá, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Àrò tàbí Yábàá. Kì í ṣe àwọn tó ń rìn káàkiri ìgboro nìkan ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀.

Òfin tí Buhari fọwọ́ sí nígbà tó jẹ́ ààrẹ, ní oṣù kìíní 2019, fún àwọn ilé tí gbogbo ìlú ń lò ní ọdún 5 kí wọ́n fi ṣe ọ̀nà tí àwa aláàbọ̀ ara lè gbà wọlé. Ó ti pé. Ẹ lọ wo báńkì àdúgbò yín: àtẹ̀gùn ṣì ni, ilẹ̀kùn tóóró ṣì ni. Níwájú irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ ni máígáàdì ti lé mi sẹ́yìn, ó rò pé agbe ni mo wá ṣe. Nítorí náà, nígbà tó bá gbà láti jáde, ẹ má mú un lọ sírú ibẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tó mọ̀ ọ́n, láàárọ̀ kí èrò tó pọ̀. Kó fi ọ̀pá rẹ̀ rìn fúnra rẹ̀. Ẹ má dì í lápá àfi tóun fúnra rẹ̀ bá ní kí ẹ di òun mú.