Wàrà àgbọn tó ń dì lórí iná

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin alásè wa. Nọ́ọ̀sì ará Philippines kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù bù adìyẹ alágbọn fún mi jẹ. Piaparan ló pè é. Èmi náà sè é nílé, àmọ́ òróró léfòó, wàrà àgbọn sì dì ní wóró-wóró bí ẹyin tó bọ́ sómi gbígbóná. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Kò bàjẹ́ o, ẹ jẹ ẹ́. Iná yín ló pọ̀ jù. Òróró inú wàrà àgbọn wà káàkiri inú omi rẹ̀, èròjà purotéènì ló dì í mú níbẹ̀. Tó bá ti hó jù, purotéènì á dì, òróró á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a bá ń se ìrẹsì alágbọn, a kì í fura, torí ìrẹsì á ti fà á mu. Inú ọbẹ̀ ni àṣírí ti ń tú.

Àwọn Maranao, ìyẹn àwọn Mùsùlùmí agbègbè adágún Lanao ní erékùṣù Mindanao, ló ni ọbẹ̀ yìí. Ẹ rin àgbọn méjì, kí ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ méjì pamọ́. Ẹ bu ife omi lílọ́wọ́ọ́ kan sí ìyókù, kí ẹ fún un. Èyí tó ki yẹn ni wọ́n ń pè ní kakang gata lédè Tagalog. Ẹ gbé e sápá kan. Ẹ tún bu ife omi méjì sí àgbọn tí ẹ ti fún, kí ẹ fún un lẹ́ẹ̀kejì. Èyí tó ṣàn yìí ló ń se adìyẹ.

Àlùbọ́sà tiwọn ni sakurab, orí rẹ̀ kéré, òórùn rẹ̀ sì ń ta gan-an. Àlùbọ́sà eléwé lè rọ́pò rẹ̀, kí ẹ má kàn sọ ìdí rẹ̀ tó funfun nù. Ẹ gún un pẹ̀lú atalẹ̀ àti ata wẹ́wẹ́, ẹ dín in díẹ̀, ẹ fi atalẹ̀ pupa sí i kó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, kí ẹ tó da adìyẹ àti wàrà ṣíṣàn sí i.

Ìgbà tí ẹran bá rọ̀ tán ni kí ẹ tó da àgbọn tí ẹ bù pamọ́ àti wàrà kíki sí i. Ẹ dín iná kù, ẹ má dé ìkòkò, ẹ máa rò ó. Bí etí ìkòkò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Ọsàn wẹ́wẹ́ náà lè mú un dì o; ẹni tó bá fẹ́ ẹ, orí àwo ni kó ti fún un sí i.